Ọkọ̀ Ilésanmí àti Iyán Bàbá Mi

Bàbá mi kì í jẹ iyán tútù, kì í sì í dárí ji ẹni tó bá jẹ́ kí iyán òun tutù. Nílé wa ní Aramọkọ, ẹni tí a bá fẹ́ dá lóhùn rere là ń gún iyán fún. Ẹni tí a bá fẹ́ kọ̀ fún, omi tútù nìkan la máa gbé fún un. Á mu ún, á dúpẹ́, á sì mọ ohun tó kàn. Kò sẹ́ni tí í là á yé àlejò. Bí o bá mu omi bàbá mi tí iyán kò tẹ̀ lé e, dìde kí o máa lọ.

Tíṣà Ajíbádé ni wọ́n ń pè é. Ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ kó tó padà wálé, ṣùgbọ́n aago àpò rẹ̀ kò bá a fẹ̀yìn tì. Gbogbo ìlú ló gba aago náà gbọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá máa ṣe adájọ́ níbi eré ọkọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kórìíra eré náà. Ó ní bí òun kò bá lọ, wọ́n á pa ara wọn.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni eré náà ń wáyé, ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì àti ní Gálílì, ìyẹn Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé Àjíǹde. Ọ̀nà tó lọ sí Ìlogbò ní ibì kan tó nà gbọọrọ láìní kọ́nà, bí ìdajì máìlì. Àwọn ọmọ ìlú tó ní ọkọ̀ á kó o wá, Píjò, Mọ́rísì, ọkọ̀ ìjàpá, àti èyí tí wọ́n fi okùn so ilẹ̀kùn rẹ̀. Nítorí pé ọkọ̀ kò dọ́gba, bàbá mi fi òfin kan lélẹ̀. Méjì méjì ni wọ́n ń sáré, kí eré sì tó bẹ̀rẹ̀, oníkálukú á sọ iye àkókò tí ọkọ̀ tirẹ̀ máa lò. Ẹni tí tirẹ̀ lọ́ra ni á kọ́kọ́ ṣí, ẹnì kejì á dúró títí ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn á fi pé. Bí àwọn méjèèjì bá sọ òótọ́, wọ́n á jọ dé ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló borí, àfi tó bá yára ju iye tó fẹnu ara rẹ̀ sọ. Ìyẹn ti purọ́, ó sì ti pàdánù.

Eré náà kì í ṣe ti ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ le jù. Ti ẹni tó mọ ọkọ̀ rẹ̀ ni.

Ilésanmí kò mọ tirẹ̀. Ní Kérésìmesì ọdún 1963 ni mo kọ́kọ́ rí i. Ọmọ Ìlórò ni, ó ń bá ìjọba yẹ kòkó wò ní Ìjerò, ó sì ní Mọ́rísì kan tó ti gbó. Ó ní ìṣẹ́jú kan ni òun máa lò. Ó sá dé kó tó pé bẹ́ẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbá a lẹ́yìn.

"Jáde," ni bàbá mi wí.

"Tíṣà, sà, èmi ni mo kọ́kọ́ dé."

"Mo rí ọ. O ní ìṣẹ́jú kan, o kò lo ìṣẹ́jú kan. Jáde."

"Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ọkọ̀ ẹni sáré ni, sà?"

"Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹnu ẹni má mọ ohun tí ẹsẹ̀ ẹni ń ṣe."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ó wá yíjú sí mi níbi tí mo dúró sí. "Arẹwà, bá mi bẹ bàbá yìí."

"Bàbá mi ni. Mi ò ní bá ọ bẹ̀ ẹ́. Irọ́ lo pa."

"Bí mo bá mọ̀ pé irọ́ ló máa jẹ́ kí o dá mi lóhùn, mi ò bá ti pa á tipẹ́."

"Ọkọ̀ rẹ ń jò," ni mo sọ fún un. Ó ń jò lóòótọ́. Epo dúdú ń kán sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀.

Aránṣọ ni mí. Kíláàsì kejì ni mo dé kí bàbá mi tó ní kí n fi ilé ìwé sílẹ̀ fún Adéṣínà, ẹ̀gbọ́n mi. Èyí tó kù, mo fúnra mi kọ́ ọ láti inú Bíbélì àti ìwé orin. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lẹ́bàá títì. Lẹ́yìn ọdún tuntun, Ilésanmí mú ṣòkòtò wá kí n bá a dín ìbú rẹ̀ kù. Lọ́sẹ̀ kejì, ó mú ṣòkòtò kan náà padà wá kí n bá a tú u.

"Olúrántí," ló ní, "ojú rẹ dà bí òṣùpá."

"Òṣùpá kì í ránṣọ. Gba ṣòkòtò rẹ."

"Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni mò ń bá ọ sọ."

"Mo gbọ́. Ọjọ́ wo lo máa sọ ọ́ fún bàbá mi?"

Ó dákẹ́. Ó dùn mọ́ mi pé ó dákẹ́, torí nígbà tí kò sọ̀rọ̀ ni mo máa ń ráyè wò ó dáadáa. Kì í ṣe ẹnu rẹ̀ ni mo fẹ́ràn. Ọwọ́ rẹ̀ ni. Òórùn pẹtiróòlù kì í kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà mi rí láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ nù ún mọ́ ara ṣòkòtò rẹ̀. Lálẹ́, mo máa ń bi ara mi pé ṣé a lè torí ọwọ́ nìkan fẹ́ ọkùnrin.

Ó wá alárinà. Títílayọ̀ ni, ọmọ Ìlórò tí wọ́n fẹ́ sí àdúgbò wa, ẹnu rẹ̀ dùn ju àádùn lọ. Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi.

"Bàbá, wúrà ni ọmọ náà. Ìwà rẹ̀ tutù bí omi inú àmù."

"Ẹni tó purọ́ níwájú aago mi ni?"

"Ọmọdé ló ń ṣe é, sà."

"Ọmọdé tó ń wá ìyàwó," ni bàbá mi wí. Ṣùgbọ́n ó wò mí níbi tí mo ti ń gbálẹ̀ ojú kan náà láti àárọ̀. "Kó wá lọ́jọ́ Ìsinmi. Tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kó bá wa nílé."

Ìyá mi gún iyán lọ́jọ́ náà. Ẹ wò ó dáadáa, iyán. Bàbá mi ti múra láti dá a lóhùn rere. A gbé àwo sílẹ̀, a dúró. Iyán náà yọ èéfín, èéfín tán, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ìyá mi fi ewé bò ó. Ó ṣí i wò, ó tún bò ó. Aago wà lọ́wọ́ bàbá mi.

Nígbà tí Ilésanmí dé, oòrùn ti ń yẹ̀ lórí òrùlé, epo ọkọ̀ sì ti dé ìgúnpá rẹ̀.

"Kí ló dá ọ dúró?"

"Ẹ má bínú, sà. Mo tú kábúrétọ̀ lánàá kí ọkọ̀ lè yá sí i. Ó wá kú sọ́nà."

"O fẹ́ kó yá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó yá, ìwọ náà wo ohun tó dà." Bàbá mi gbé àwo iyán jáde, ó dà á sílẹ̀ fún ewúrẹ́. Ilésanmí dúró, ó ń wò ó títí ewúrẹ́ fi lá ilẹ̀. Bàbá mi wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Odidi oṣù kan ni Títílayọ̀ fi bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó yá, ó sú bàbá mi. Ó ní kí ọmọ náà kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá mi ra iṣu sílẹ̀, a pe àwọn ẹbí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mo gbọ́ fèrè Mọ́rísì níwájú ilé wa. Mo sáré délé. Bàbá Ilésanmí ti jókòó nínú agbádá òfì, àwọn àgbà méjì wà pẹ̀lú rẹ̀. Bàbá tèmi wọ síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti ya, ó ti ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ bọ inú omi, torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé ni. Ìyá mi wà ní Ìlogbò. Kò sí iná lábẹ́ ìkòkò. Àgbàlá kò tíì rí ìgbálẹ̀. Ilésanmí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ.

Kí ni a máa fún àlejò? Omi ló wà. Bàbá mi ní kí n bu omi wá. Wọ́n mu ún, wọ́n dúpẹ́.

"Ẹ ti mu omi," ni bàbá mi wí. "Ẹ mọ ohun tó kàn nílé yìí."

Bàbá Ilésanmí gbé ife sílẹ̀. "Ṣé kò sí uṣu nínú ulé yìí ni?"

"Uṣu wà. Ti ọ̀la ni."

"A ò wá tọrọ oúnjẹ, Tíṣà. Ọmọ la wá tọrọ."

"Ọmọ náà, ti ọ̀la ni. Ẹni tí mo dá ọjọ́ fún tó wá ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń fọ ẹsẹ̀, ṣé àna ló fẹ́ jẹ́ ni àbí ọlọ́pàá?"

"Ó ti fi omi lé wa," ni ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà wí. Wọ́n dìde. Bàbá Ilésanmí ní òun kò tún ní tẹ ẹnu ilẹ̀kùn náà láéláé. Bàbá mi ní ilẹ̀kùn náà ti gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá Ilésanmí lẹ́yìnkùlé Títílayọ̀. Mi ò kí i.

"Ta ló ní kí o wá lánàá?"

"Ìgbà tí mo pẹ́, wọ́n da iyán fún ewúrẹ́. Mo rò pé bí mo bá yára, wọ́n á mọ bí mo ṣe fẹ́ ọ tó."

"O yára dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti retí rẹ. O dójú ti bàbá mi lójú àwọn baba rẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi, Ilésanmí."

"Ọkàn mi ló ń sáré, Olúrántí. Ìfẹ́ rẹ..."

"Dákẹ́. Má bá mi sọ̀rọ̀ ọkàn. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀melòó lo ti tú ọkọ̀ yẹn?"

"Kó lè dára sí i ni."

"Bí o bá tú u lónìí, tó o tún tú u lọ́la, báwo lo ṣe máa mọ ohun tó máa ṣe lọ́tunla? Ìyẹn ni bàbá mi rí. Kì í ṣe pé o burú. A kò mọ ìgbà tó o máa dé ni. Ti bónẹ́ẹ̀tì yẹn pa. Wà á bó ṣe wà."

"Ó lọ́ra bó ṣe wà."

"Mo ní o lọ́ra bí?"

Títílayọ̀ yọjú láti ilé ìdáná. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ rọra. Ìfẹ́ dà bí..."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kò dà bí nǹkan kan," ni mo wí, mo sì bá tèmi lọ.

Bàbá mi ní Ilésanmí kò gbọ́dọ̀ dúró ní ṣọ́ọ̀bù mi mọ́. Kò dúró. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ yẹn, ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́ iṣẹ́, Mọ́rísì náà máa ń ti Ìjerò bọ̀, á gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá. Kì í fọn fèrè, kì í yíjú. Ohùn kan náà ni ẹ́ńjìnnì ń dún, kì í ké, kì í sì í kùn. Níbẹ̀rẹ̀, inú bí mi. Lẹ́yìn náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìkọjá rẹ̀ mọ ìgbà tó yẹ kí n kó ẹyin iná sínú áyọ́ọ̀nù. Lọ́jọ́ kan tí òjò ńlá ń rọ̀, mo ní kò ní wá, mi ò kó iná. Ó kọjá. Áyọ́ọ̀nù mi tutù, mo sì jókòó tì í, mo ń sunkún láìmọ ohun tó ń pa mí lẹ́kún.

Ilésanmí kò mọ̀ pé bàbá mi náà máa ń jókòó síwájú ilé nírú àkókò yẹn. Èmi mọ̀. Mo rí i tó ń yọ aago.

Adéṣínà ti Ìbàdàn dé fún ọdún Àjíǹde nínú Píjò rẹ̀. Akọ̀wé ìjọba ni. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ń wá ìyàwó, òun á mú un wálé lẹ́yìn Gálílì. Bàbá mi kò sọ pé rárá. Ó wò mí, ó ní, "Kó mú un wá. Kò sẹ́ni tó wà nílẹ̀."

"Ẹnì kan wà nílẹ̀," ni mo wí.

"Ta ni? Ẹni tí ń tú àpò kòkó?" Adéṣínà rẹ́rìn-ín. "Màá bá a pàdé lójú ọ̀nà Ìlogbò. Màá bo òun àti agolo rẹ̀ ní eruku."

Lọ́jọ́ Gálílì, ọ̀nà kún. Àwọn ọmọ ìjọ jókòó sí koríko pẹ̀lú oúnjẹ wọn. Bàbá mi dúró níbi òpin, aago lọ́wọ́. Lókèèrè, níbi ìbẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan máa ju aṣọ funfun sílẹ̀ fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan.

"Iye wo?" ni bàbá mi bi Ilésanmí kó tó wakọ̀ lọ síbẹ̀. Kò wo ojú rẹ̀.

"Ìṣẹ́jú kan, sà."

"O ti sọ bẹ́ẹ̀ rí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Adéṣínà dárúkọ tirẹ̀, ó dín díẹ̀ sí ti Ilésanmí. Mo mọ ọkọ̀ náà, mo ti jókòó nínú rẹ̀. Iye tó sọ pọ̀ jù. Ó fi agbára pamọ́ ni, kó lè fi dójú ti ẹlòmíì. Mo wo bàbá mi. Ojú aago ló ń wò.

Aṣọ funfun jábọ́, Mọ́rísì ṣí. Aṣọ tún jábọ́, Píjò ṣí. Kò pẹ́ tí Píjò fi bá a. Gbogbo èèyàn dìde. "Tẹ iná mọ́lẹ̀, ọmọ Ìlórò!" ni wọ́n ń pariwo. Ẹsẹ̀ tèmi náà ń tẹ ilẹ̀ láìjẹ́ pé mo rán an níṣẹ́. Gbogbo ohun tí mo bá a jà lé lórí, mo gbàgbé rẹ̀ lójú kan náà. Mo fẹ́ kó tẹ iná. Mo fẹ́ kó purọ́ bí ti Kérésìmesì, kó má ṣáà jẹ́ kí Adéṣínà borí.

Ṣùgbọ́n ohùn ọkọ̀ náà kò yí padà. Ohùn tí mo ń gbọ́ nírọ̀lẹ́ ni. Píjò kọjá lára rẹ̀, eruku bo Mọ́rísì pátápátá, a kò rí i mọ́. Ohùn yẹn la ń gbọ́ nínú eruku.

Adéṣínà dé, ó bọ́ sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ilésanmí yọ nínú eruku lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ń bú u. Ẹnì kan ní kó lọ gbé kẹ̀kẹ́. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó jókòó síbẹ̀.

Bàbá mi wo aago pẹ́. Ó nù ún, ó tún wò ó.

"Ilésanmí, ìṣẹ́jú kan," ló wí. "Adéṣínà, o yára ju ọ̀rọ̀ rẹ lọ. Jáde."

"Bàbá?"

"Jáde."

"Èmi ọmọ yín? Níwájú gbogbo ìlú?"

"Aago kò bi mí pé ọmọ ta ni."

Adéṣínà kò bá wa sọ̀rọ̀ títí ó fi padà sí Ìbàdàn, kò sì mú ọ̀rẹ́ kankan wá. Ilésanmí wá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi lórí eruku náà. Bàbá mi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

"Ọkọ̀ lo fi borí," ló wí. "Ọmọ mi kì í ṣe ife ìdíje."

Mo rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe Títílayọ̀. "Sátidé," ló wí. "Nígbà tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì bá lu ti ọ̀sán gangan. Kì í ṣe ṣáájú, kì í ṣe lẹ́yìn. Mi ò ní tún un sọ."

Títílayọ̀ ya ẹnu láti fi ọ̀rọ̀ dídùn dúpẹ́. Bàbá mi gbọ́wọ́ sókè.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ dá aṣọ oníbàárà kan padà lẹ́yìn ìlú. Mo bá Mọ́rísì lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ ní ojú ọ̀nà Ìjerò. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ewé ti já sórí rẹ̀. Bàbá Ilésanmí wà lẹ́yìn nínú agbádá, ó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀. Òógùn ti bá ọrùn rẹ̀ jẹ́.

"Ìyàwó," ló ní, "ṣé oòrùn ni wọ́n fi ń fọmọ fọ́kọ ní Aramọkọ? Ulé yín nìyẹn, mo ń wo òrùlé rẹ̀. Ọmọ mi ní ká jókòó síhìn-ín bí olè."

"Ẹ kú oòrùn, sà."

"Mo ní mi ò ní tẹ ẹnu ilẹ̀kùn bàbá rẹ mọ́. Mo ti da ẹ̀jẹ́ mi nítorí ọmọ yìí. Bí wọ́n bá tún fún mi lómi lónìí, màá gbé ife náà lọ."

Ilésanmí kò kúrò nídìí ìwakọ̀. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀ kó tó gbé e lé fèrèsé. "Ó kù díẹ̀," ló wí. Mo dúró kó sọ òṣùpá. Kò sọ ọ́.

Mo padà délé, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo rí wọn. Ìyá mi ti se iṣu jinná, odó ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò mú ọmọ odó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wo bàbá mi.

"Bàbá Adéṣínà," ló ní, "ṣé ká jẹ́ kí wọ́n dé ná? Ẹ̀ẹ̀kan ló tutù, ẹ̀ẹ̀kan ni kò sí. Mi ò fẹ́ gún un fún ewúrẹ́ mọ́."

Bàbá mi yọ aago. Ó wò ó, ó wo ọ̀nà. Kò sí ọkọ̀ lójú ọ̀nà.

Ó dá aago padà sápò.

"Ẹ gún un," ló wí.

Ìyá mi wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, kó lè dá a lójú. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọmọ odó, èmi gbé èkejì, a bẹ̀rẹ̀. Ibi tí a ti ń yí i ni agogo ṣọ́ọ̀ṣì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Kó tó lù tán, mo gbọ́ ohùn Mọ́rísì lójú ọ̀nà, ohùn kan náà, tó ń bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó. Bàbá Ilésanmí ń wo ọwọ́ mi bóyá omi ni mo máa gbé. Mo gbé iyán. Èéfín ń yọ lórí rẹ̀. Ọkùnrin náà wò ó, ó tú fìlà rẹ̀ tó ti ká sílẹ̀, ó dé e.

Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Kò kí Ilésanmí káàbọ̀. Ó kàn sún àwo náà lọ síwájú rẹ̀.

"Jẹun," ló wí, "kó tó tutù."